Èmi Ni Mo Pa Ológbò Aaliyah, Kì Í Ṣe Mùtíù

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọmọ àsàlátù wa ní Rumuigbo, àsàláámù àlékúmù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí i pé Àsàmáù Ìyá Kẹ́mísì dìde báyìí, ẹ̀rín ni ẹ kọ́kọ́ máa ń kó sẹ́nu, torí ẹ mọ̀ pé n kò ní ṣàì sọ̀rọ̀ ìdí, n kò ní ṣàì sọ̀rọ̀ ọkọ mi tó ti kú, n kò sì ní ṣàì sọ èyí tí yóò mú kí Ààfáà fi ọwọ́ bojú. Ti òní kọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ òní sínú ìwé, tí mo fi wọ awò ojú tí mo ń kà á fún yín bí ọmọ ilé kéú, ni pé mo mọ ara mi. Bí mo bá fi ẹnu lásán sọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ ni n óò fi bò ó mọ́lẹ̀ bí ológbò ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀ bo ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ óò rẹ́rìn-ín tán, ẹ óò wá ṣálúbàtà yín, ẹ óò máa lọ sílé, òótọ́ yóò sì tún kù sí mi nínú. Ọdún méje ló ti wà níbẹ̀. Ó ti wú, ó ti rà, ó tó kí ó jáde. Èmi ni mo pa Gàrí, ológbò Aaliyah ọmọ ọmọ mi. Mùtíù ará Ọ̀fà tó ń ṣe àga onífóòmù, tí gbogbo wa pè ní apẹran-ọmọlọ́mọ nínú ìjókòó yìí, kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí, torí àwọn kan nínú yín kò tíì dé Port Harcourt nígbà náà. Láti ọdún 1999 ni mo ti ń ta oògùn òyìnbó ní àdúgbò wa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní yáàdì wa, kò sí ọmọ tí ibà mú tí n kò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Màá dá parasitámọ̀ sí méjì fún ọmọdé, màá dá a sí mẹ́rin fún ọmọ ọwọ́, ìyá ọmọ á ní "Mama Chemist, God bless you", orí mi á sì wú bí búrẹ́dì inú omi. Àwa mẹ́ta là ń gbé pọ̀: èmi, Falilat ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Rumuola, àti Aaliyah ọmọ rẹ̀. Ọkọ Falilat ti kú láti ìgbà tí Aaliyah ti wà ní ọmọ ọdún méjì. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú yáàdì, ti Mùtíù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń kan ìṣó, ìgò oògùn á máa jó lórí pẹpẹ mi.

Òjò ló gbé ológbò náà wọlé. Abẹ́ fíríìsà mi ló sá sí, pupa rúsúrúsú bíi gàrí tí wọ́n fi epo yan, kò tóbi ju ṣálúbàtà mi lọ. Mo ní kí wọ́n lé e jáde, mo ní n kò gba àjẹ́ lálejò. Aaliyah, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, fi ara bò ó, ó ní, "Grandma, Ustaz talk say Prophet like cat! You wan quarrel with Prophet?" Mo ní kí ó dúró di òwúrọ̀. Nígbà tí òwúrọ̀ mọ́, mo bá a lórí ikùn mi, ó ń hanrun. Ẹ mọ ikùn mi, tìmùtìmù Mùtíù kò rọ̀ tó o. Bí Gàrí ṣe di ará ilé nìyẹn. Bí Aaliyah bá ń pè é, "Gàrí! Gàrí o!", àwọn tó ń kọjá á yà wọlé, wọ́n á ní èló ni ike pẹ́ńtì gàrí kan.

Falilat ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ológbò, ó kà á lórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí a máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a yọ egungun kúrò nínú ẹja rẹ̀, kí a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn. Ó ní wàrà kì í bá ológbò tó ti já lẹ́nu ọmú lára mu. Mo ní irọ́ ni, mo bu wàrà fún un. Ó ṣu ú sórí ẹní ìkírun mi, ìgbẹ́ gbuuru gidi. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí sùút, èérí èéfín dúdú yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wa lórí ní ìlú yìí, Aaliyah á fi àkísà tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láràárọ̀ kí ó má bàa lá dúdú náà mì. Mùtíù ló ń fún wa ní èérún pákó láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ológbò ń yàgbẹ́ sí. Òun náà ló rán ibùsùn kékeré fún un láti ara àjákù fóòmù, ó fi aṣọ àga olówó ńlá kan bò ó. Mo ní, "Mùtíù, o ò rán irú èyí fún èmi." Ó ní, "Màmá, fóòmù tó wà ní Port Harcourt kò tó tiyín." A rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Mo rí i pé ibùsùn ológbò kì í bàjẹ́ tó bí Mùtíù ṣe ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ tí Falilat bá tètè dé láti ibi iṣẹ́ ni okùn ibùsùn náà máa ń tú. Wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ológbò á wà láàárín wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, Falilat sọ fún mi pé Mùtíù fẹ́ rán àwọn èèyàn rẹ̀ láti Ọ̀fà wá bá wa, pé ó ti rí ilé kan ní Abuloma, ẹ̀gbẹ́ omi, àti pé òun àti Aaliyah yóò kó lọ síbẹ̀ tí nǹkan bá yọrí. Mo ní, "Ah, ó dáa o, Olúwa á fi síi." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi ń wí pé: ta ni yóò wà lọ́dọ̀ tèmi? Ta ni yóò máa bá mi fi róòbù pa ẹ̀yìn? Ìyá tó bímọ tó ń fẹ́ kí ọmọ ṣe opó títí láé kí òun má bàa dá jẹun, ẹ bá mi wo irú ìyá bẹ́ẹ̀. Òun ló dúró níwájú yín yìí.

Lọ́jọ́ kan, Gàrí fi èékánná ya awọ àga tuntun tí Mùtíù ṣe fún oníbàárà. Mùtíù jáde sí àárín yáàdì, ó gbé ọwọ́ lérí. "Màmá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ológbò yín o! Lọ́jọ́ tí mo bá bínú, màá fún un ní ohun tí yóò jẹ tí yóò fi gbàgbé àga!" Ìyá onílé wa, ọmọ Ikwerre, fèsì láti ojú fèrèsé rẹ̀, "Upholstery, leave that cat o! Na your in-law be that!" Gbogbo yáàdì pa ẹ̀rín, Mùtíù gan-an rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé a ó wá gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò bí ẹ̀rí ní kóòtù.

Oṣù kìíní ọdún 2017 ni. Gàrí ti bá ológbò mìíràn jà, wọ́n ti gé e jẹ lẹ́sẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà wú, etí rẹ̀ gbóná, kò jẹun. Falilat ń múra ibi iṣẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan o. Bí mo bá ti ṣíwọ́, a máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Oògùn èèyàn kọ́ ni oògùn ológbò." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo ní, "Ìwọ Falilat! Ìwọ tí mo tọ́jú ibà rẹ nígbà tí o ṣì ń tọ̀ sórí ẹní? Ìwọ ni kí o wá máa kọ́ mi ní oògùn?" Ó ní, "Màmá, mi ò kọ́ yín o, mo bẹ̀ yín ni." Ó lọ.

Kò tíì dé ojú títì tí mo fi dá parasitámọ̀ sí méjì. Mo lọ ìdajì kan, mo pò ó mọ́ ẹja. Gàrí gbóòórùn rẹ̀, ó gbé imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á jáde, ìdí mi dáhùn pẹ̀ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ya aṣọ, mo sì ń bú ológbò pé òun ló fà á. Ẹ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, mo gbà yín láàyè, torí ẹ̀rín kò pọ̀ mọ́ níwájú. Mo fi ìró wé e bí ọmọ tuntun, mo ya ẹnu rẹ̀, mo da oògùn sí i. Ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò mí. Ní nǹkan bí aago méjìlá, ara rẹ̀ kò tíì tutù. Ẹlòmíràn á ti dúró. Èmi mú ìdajì kejì. Bí ẹ bá fẹ́ foríjì mí ti ìdajì àkọ́kọ́, ẹ lè pè é ní àìmọ̀kan. Ti èkejì kò ní orúkọ méjì. Mo fẹ́ kí Falilat dé kí ó bá ológbò tó ń fò káàkiri, kí n lè sọ pé, "Ṣé o rí i?"

Nígbà tí ó fi máa di ìrun àsárì, Gàrí ti ń ya ẹnu mí. Ojú rẹ̀ wú. Mo gbé ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ahọ́n ọmọ ọwọ́ ti di àwọ̀ koko. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ń ṣe fún ẹni tó jẹ májèlé: mo da epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó sín, ó húkọ́, epo gba imú rẹ̀ jáde, ìmí tó ń mí tẹ́lẹ̀ gan-an tún le sí i. Ibẹ̀ ni Aaliyah ti dé láti ilé ìwé. Igbe tó ké ni Mùtíù gbọ́ tó fi ju òòlù sílẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa pẹ̀lú oníbàárà níbẹ̀, ó gbé Gàrí sínú ibùsùn fóòmù yẹn, ó dá kéké dúró, ó ní, "Rumuola, sharp sharp!" Títí a fi dé ibẹ̀ ni ó fi gbé ológbò sí àyà, tó ń fi ọwọ́ ṣe abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ lójú. Èmi àti Aaliyah jókòó tì í, káàdì parasitámọ̀ tí mo ti já ọ̀kan lára rẹ̀ wà nínú àpò ìró mi.

Mùtíù ti pe Falilat lójú ọ̀nà, ó ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà dókítà. Dókítà Adégbénga lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sùúrù. Ó ṣí ẹnu Gàrí, ó wo èrìgì rẹ̀, ó wò mí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni fún un ní oògùn èèyàn lónìí? Oògùn ara ríro? Oògùn ibà?" Mo ní, "Rárá o." Ó ní, "Màmá, kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín wí. Parasitámọ̀ máa ń pa ológbò, bó ti wù kó kéré mọ. Ara wọn kò lè lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ni, oògùn kan wà tó ń dojú kọ ọ́. Kò sí lọ́wọ́ mi, màá rán èèyàn lọ wá a ní ilé ìwòsàn èèyàn nísinsìnyí. Ẹ ṣáà sọ fún mi." Falilat ti yí ojú sí mi. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé ajá wá, oníbàárà mi ni, ó mọ̀ mí ní Mama Chemist. Aaliyah di ìró mi mú. Mùtíù ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó ti múra láti sáré lọ wá oògùn náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan péré ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Mo ní, "Dókítà, ẹja àti omi ni ó jẹ. Wàláì." Mo fi orúkọ Ọlọ́run sí i. Dókítà tún wo èrìgì náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ó jẹ májèlé níta, tàbí eku tó jẹ májèlé. Ó yí sí ìtọ́jú ìyẹn. Gàrí kú lórí tábìlì kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gáríbì. Ìka Aaliyah wà nínú irun ọrùn rẹ̀.

Bí ó bá parí síbẹ̀ ni, ológbò nìkan ni mo pa. A gbé òkú náà padà sí yáàdì. Mùtíù yá ọkọ́ lọ́wọ́ ìyá onílé, ó lọ sẹ́yìn ilé láti gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ará yáàdì pé jọ. Ìyá onílé ní, "Doctor say na poison? Who do this kind wickedness to small pikin?" Aaliyah gbé ojú sókè sí mi, ojú tó ti wú fún ẹkún, ó ní, "Grandma, who poison Gàrí?" Falilat náà ń wò mí, mo sì rí i pé ìbéèrè òwúrọ̀ ti ń padà bọ̀ sójú rẹ̀, pé bí mo bá jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i, yóò bi mí. Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń nawọ́ sí èèyàn láìnawọ́. Mo yọ ètè. Mo yọ ọ́ ṣóńṣó sí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Mùtíù, mo sì gbé ojú kúrò bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Fún ọdún méje ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mi ò sọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, ẹnu mi kò sọ̀rọ̀. Ètè mi ló pa èèyàn.

Ìyá onílé pàtẹ́wọ́. "Ehen! No be him talk say he go give am wetin go make am forget chair?" Ẹlòmíràn ní oògùn eku wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, òun ti rí i. Òótọ́ sì ni, eku máa ń jẹ fóòmù, kò sí oníṣẹ́ àga tí kì í ra oògùn eku. Ibẹ̀ ni Mùtíù ti yọ láti ẹ̀yìn ilé, yẹ̀pẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó ní, "Màmá, mo ti gbẹ́ ẹ tán. Ẹ gbé e wá." Aaliyah fò mọ́ ọn. Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ kékeré lù ú níkùn, "Na you! Na you kill am! You talk am!" Ọkùnrin náà kò dì í lọ́wọ́ mú. Ó wo Falilat, Falilat yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá wò mí. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi dá sí i." Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Gbólóhùn tí a fi ń sin òkú, ni mo fi sin ín láàyè.

Ohun tó kù, ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ̀ ọ́n, ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Nínú ìjókòó yìí ni a ti ní kí ó fi Kùránì búra. Ó búra. Ẹnìkan ní olè náà máa ń búra, a sì mi orí. Ẹni tó ń tẹ́ ẹní fún wa kó tó di pé a dé, ó di ẹni tí a ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Falilat sọ fún un pé òun kò lè mú ọmọ òun lọ gbé lọ́dọ̀ ẹni tó lè pa ẹran ọmọ. Ó kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí Abuloma ní òun nìkan. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń kó àga rẹ̀ lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń ṣe "ó mà ṣe o", inú mi sì dùn. Mo tún un kà kí ó lè yé yín: inú mi dùn. Falilat kò ní lọ mọ́.

Ní ọdún 2019, Ọlọ́run gbé mi dé Mẹ́kà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń lọ sí Háájì gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjìn kiri kí ó tó lọ. Mo tọrọ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ní, "Ìyá Kẹ́mísì, kí lẹ ṣe?" Mo pe Mùtíù náà lórí fóònù. Mo ní, "Ọmọ mi, ohunkóhun tí mo bá fi ṣẹ̀ ọ́, foríjì mí." Ó ní, "Màmá, ohunkóhun tó bá jẹ́, mo foríjì yín. Ẹ bá mi ṣàdúà." Àforíjìn ojú bíbò nìyẹn, mo jí i gbé. Ní Mẹ̀dínà, ológbò pupa rúsúrúsú kan wá fi ara ra ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Mo sun ẹkún débi tí ikun gba ìbòrí mi. Àwọn tí a jọ lọ ní, "Àlhájà, ìfẹ́ Ànábì ló ń pa yín yìí." Mo ní àmín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni omi wọ ìgbín lẹ́nu. Aaliyah ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní ọmọ ológbò kan, ó ń sín, ara rẹ̀ sì gbóná. Mo rí Aaliyah tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, tó na ọwọ́ sí pẹpẹ, tó ní, "Grandma, abeg, na half I go give am, abi quarter?" Mi ò mọ ìgbà tí mo fò. Èmi tí mo ń gbé ìdí dìde lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣeé ṣe, mo gbá ọwọ́ rẹ̀, parasitámọ̀ fọ́n ká ilẹ̀. Mo ké, "Má fún un! Yóò pa á!" Ó wò mí. Ó ní, "Grandma, how you take know?" Irọ́ wà nílẹ̀ tí mo lè pa; mo lè ní dókítà ló sọ ọ́ lọ́jọ́sí. Ẹnu mi kọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín oògùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ṣa oògùn tó fọ́n ká nílẹ̀, ó ní, "You for just tell doctor. Nobody for beat you." Lẹ́yìn náà ni ó wá sunkún, ó ní, "And me, na me beat Uncle Mùtíù." Ó gbé ọmọ ológbò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí Falilat gbọ́, kò bú mi. Ó ṣì ń bu oúnjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣa ẹran tó rọ̀ fún mi, torí eyín mi kò pọ̀. Kò ṣà á mọ́.

Mo lọ sí Abuloma. Mùtíù ti fẹ́ ìyàwó, ọmọ méjì ń ṣeré nínú èérún pákó rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ìṣó mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀, ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Àforíjìn tí ẹ gbà lórí fóònù, mo mú un padà. N kò mọ ohun tí mo ń foríjì." Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Fóòmù àti ìṣó ló ń gbọ́ yín níbí, wọn kò bà mí lórúkọ jẹ́. Ibi tí ẹ ti jẹ́ kí n búra tí wọn ò gbà mí gbọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ sọ ọ́." Mo ní ṣé yóò wá gbọ́ ọ. Ó ní òun kò tún fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí mọ́. Ó tún fi ìṣó sẹ́nu.

Nítorí náà ni mo ṣe dìde lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sin ológbò, ẹ tẹ́tí: oògùn tó bá ìwọ lára mu lè pa ẹran inú ilé rẹ, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí o bá sì ti ṣe àṣìṣe, bí dókítà bá bi ọ́, sọ ọ́ kí ìtìjú tó pọ̀n ọ́ lójú. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni mo sá fún. Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ yín pé mo fi yín jẹ́rìí èké, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún mi. Ẹ má sọ pé "Àlhájà gbìyànjú", ẹ má pe Àláhù Ákíbárù fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní nọ́ńbà Mùtíù, ẹ pè é báyìí, kí ẹ sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Nọ́ńbà tèmi, kò ní gbé e. Kí Ààfáà kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ní olè náà máa ń búra tẹ̀ lé e, kí ó kan yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúnkún ń ro mí, ìdí mi sì ti ń wá àga, ṣùgbọ́n n kò ní jókòó títí tí yóò fi gbé e. Ẹ pè é.